Bí A Ṣe Ń Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Sáà Tuntun ní Bọ́ọ̀dìn Ilé-ìwé Àgùdà

Ọjà ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra JSS1. Wọ́n á ra àpótí irin, wọ́n á ra fóòmù, wọ́n á kó mílíìkì jọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó máa lò wọ́n kò fọ ṣòkòtò ara rẹ̀ rí. Ní bọ́ọ̀dìn tí fadá tàbí sístà ń darí, agogo ló ń pàṣẹ ohun gbogbo. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá ni ìyà ń jẹ níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí mílíìkì rẹ̀ kéré. Ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ múra sílẹ̀, kí ẹ tó kan ẹrù.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ wádìí ọwọ́ tí ilé-ìwé náà wà. Orúkọ ẹni mímọ́ lára géètì kò sọ pé ìjọ ló ń darí ibẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé míṣọ́nnárì nílẹ̀ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà ní 2001, St. Gregory's College l'Ọ́bálẹ̀ńdé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, sì wà lára wọn. Loyola College n'Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wà lára àwọn tí ìjọba gbà. Níbi tí ìjọba ti ń darí, Mísà òwúrọ̀ kì í sábà sí, bọ́ọ̀dìn pàápàá lè má sí. Ilé-ìwé tí ìjọ fúnra rẹ̀ ń darí la ń bá wí níhìn-ín, táàmù kìíní sì ni, láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kejìlá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú

Agogo ìjí sábà máa ń dún ní aago 5 àbọ̀ tàbí ṣáájú. Ọmọ tó ń jí ní aago 8 ní gbogbo ọlidé kò lè yí padà lóru ọjọ́ kan. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 20 dín oorun òwúrọ̀ rẹ̀ kù ní ọjọ́ méjì-méjì. Kí ọjọ́ 18 tó pé, ó ti ń jí ní aago 5. Ẹ yí aago oorun alẹ́ padà pẹ̀lú, kó máa wọlé sùn ní aago 9. Bí ẹ bá kàn ń jí i láìfà oorun alẹ́ rẹ̀ síwájú, inú ṣápẹ́ẹ̀lì ni yóò ti máa san gbèsè oorun náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, bíi lítà 10, àti ìṣẹ́jú 10, kó fi wẹ̀. Ọmọ tí ṣáwà ti mọ́ lára á da ìdajì omi náà sórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì kù sínú ọṣẹ. Ẹ kọ́ ọ kó fi ike bu omi díẹ̀ fi rẹ ara, kó fi ọṣẹ para tán láti orí dé ẹsẹ̀, kó tó wá fi omi tó kù ṣan ara nù.

Ìfọṣọ ló gba sùúrù jù, torí funfun ni wọ́n sábà máa ń wọ lọ sí Mísà ọjọ́ Ìsinmi, funfun kì í sì í bo àṣìṣe. Kó ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀. Kó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wá fi ọṣẹ gígùn gbo ọrùn àti etí ọwọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sápamọ́ sí. Kó ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Aṣọ funfun tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, àìṣan ọṣẹ kúrò dáadáa ló sábà ń fà á, kì í ṣe àìfọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á wá máa da jíìkì lé e, jíìkì àpọ̀jù sì ń jẹ òwú aṣọ, ó tún ń mú kí aṣọ tó ní rọ́bà nínú pọ́n sí i. Bí ọmọ bá ti fọ aṣọ tirẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà nílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a dá sí i, ó ti tó lọ.

Ohun kan tún wà tí òbí kì í sábà kọ́ ọmọ: bó ṣe máa sọ pé ara òun kò yá. Ní ibùsùn tí ọmọ 40 ń sùn sí, métírọ̀n kò lè fojú mọ ẹni tí ibà ń mú bọ̀. Kó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń dun òun, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí òun jẹ.

Ìlera, àti ohun tí ojú ń tì wá láti sọ

Ilé-ìwé á béèrè àyẹ̀wò: jẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, àti ojú, nígbà mìíràn àrùn mẹ́dọ̀wú náà. Ẹ má ṣe é ju oṣù kan ṣáájú ìwọlé lọ, torí àwọn kan kì í gba èsì tó ti pẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún yàrá aláìsàn, ọ̀kan á wà nílé.

Bí ọmọ bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má fi mọ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ rí métírọ̀n tàbí sístà nọ́ọ̀sì lójúkojú, kí ẹ sì gbé ìwé dókítà dání. Kí ìwé náà sọ oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, pé kó má fi omi tútù wẹ̀ ní ìdájí, pé kí ìgò omi máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, àti ilé-ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ bí ìrora bá dé. Ẹ fi súwẹ́tà tó nípọn sí ẹrù rẹ̀, ọyẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí táàmù tó parí. Ọmọ tó ní ikọ́ fée ní tirẹ̀ nílò oògùn fífà (ínhélà) méjì: ọ̀kan lápò rẹ̀, ọ̀kan ní yàrá aláìsàn. Bí ilé-ìwé bá sọ pé gbogbo oògùn ni wọ́n máa kó pamọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn á fi yọ̀ǹda èyí tó wà lápò. Ikọ́ fée kì í dúró de kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ ọdún 10 tàbí 11 tó ṣì ń tọ̀ sílé kò ṣọ̀wọ́n, òbí rẹ̀ ni kì í sọ. Bí ẹ bá fi pamọ́, òórùn fóòmù á tú u fó kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ sọ ọ́ fún métírọ̀n ní kọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, kí wọ́n máa jí i lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí aago 11 alẹ́. Ẹ fi rọ́bà bo fóòmù rẹ̀ láti ilé, ẹ sì fún un ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì méjì lé iye tí wọ́n kọ.

Ẹrù

Ìwé ohun èlò tí ilé-ìwé fún yín ni kí ẹ rà, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀. Ohun tó lé, ẹnubodè ni wọ́n ti máa gbà á: fóònù, ẹ̀gbà ọrùn, aṣọ òde, ìpara tó ń yí àwọ̀ padà.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 2 àbọ̀ ní fífẹ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n kí ẹ tó rà á. Kó má nípọn ju íǹṣì 4 lọ bó bá jẹ́ òkè ni ọmọ á sùn sí, torí bí fóòmù bá ṣe ga tó ni irin tí kò jẹ́ kó ṣubú ṣe ń kúrú tó. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ní oògùn, ẹ tú u jáde, kí ẹ sá a síbi òjìji fún wákàtí 24 kó tó lò ó, kó má baà ta á lójú. Àpótí irin, ẹ wọn gíga rẹ̀. Bí kò bá lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà àárín ni á wà, gbogbo èèyàn á sì máa jókòó lé e.

Àgádágodo la fẹ́ tẹnu mọ́. Àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan sábà máa ń ṣí èkejì. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta irú kan náà, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ wọn dánra wò. Èyí tó bá ń ṣí ọmọnìkejì rẹ̀, ẹ dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ kan á wà lára okùn lọ́rùn ọmọ, ọ̀kan lọ́wọ́ métírọ̀n nínú àpòòwé tí orúkọ wà lára rẹ̀, ọ̀kan nílé.

Sísàmì sí ẹrù ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń sá fún, òun náà ló sì ń dín ohun tó ń sọnù kù jù. Bírò onítàdáwà tó ń tàn lára aṣọ á ti ṣí kí oṣù méjì tó pé. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi òwú kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ: inú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, inú ìgbànú ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì, igun bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, igun táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fo ìbọ̀sẹ̀ àti pátá, àwọn ló ń kọ́kọ́ rìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìṣó tó gbóná kọ orúkọ sí ìta rẹ̀, nítòsí etí, kí ẹ má jìn ín débi tí á fi jò. Àwo àti síbí, ẹ fi ìṣó ha á. Ọ̀dà èékánná kò dúró, kànìnkànìn á gbé e lọ.

Ohun jíjẹ: oṣù kan ni kí ẹ bá ṣe, kì í ṣe táàmù, torí ọjọ́ àbẹ̀wò wà. Mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 400, bí ọmọ bá ń lo gíráàmù 25 lóòjọ́, ìyẹn síbí ńlá mẹ́ta tó rọra kún, ọjọ́ 16 ló máa gbé e. Méjì ló tó oṣù kan. Bí ẹ bá fún un ní mẹ́fà, mẹ́rin nínú rẹ̀ á di ti àwọn sẹ́ńíọ̀. Gàárì gbígbẹ, ẹ dà á sínú ike ọ̀dà lítà 4 tó ní ìdérí líle, èyí tí a rà ní tuntun, kì í ṣe èyí tí ọ̀dà ti wà nínú rẹ̀. Ṣúgà oníhóró dára ju èyí tó kúnná lọ: ọmọ lè ka iye tó kù, eèrà kì í sì í tètè rí i kó. Ọṣẹ gígùn, ẹ gé e sí mẹ́fà, kí ẹ sá a sínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò le, kò sì ní í tètè yọ́ dànù. Àwọn ilé-ìwé kan ò gbà kí ọmọ gbé oúnjẹ wọlé rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ sínú fóòmù. Wọ́n mọ ibẹ̀.

Ṣápẹ́ẹ̀lì

Ọjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ó sì ń parí pẹ̀lú rẹ̀. Áńgẹ́lọ́ọ̀sì, àdúrà Màríà tí agogo ń pè, wà ní aago 6 òwúrọ̀, 12 ọ̀sán àti 6 ìrọ̀lẹ́. Bí agogo rẹ̀ bá dún, ọmọ á dúró níbi tó wà, ì báà jẹ́ lórí pápá. Kó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ilé, pẹ̀lú àdúrà ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn oúnjẹ. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, Mísà Ẹ̀mí Mímọ́ á wà láti ṣí sáà náà, fadá á wọ aṣọ pupa, gbogbo ilé-ìwé á sì péjọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí òbí wá. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá jẹ́ òmìnira Nàìjíríà àti ọjọ́ Màríà Ayaba Nàìjíríà pa pọ̀, oṣù náà sì ni oṣù rosárì: kí ìlẹ̀kẹ̀ náà wà nínú ẹrù, èyí tó fi okùn ṣe, torí ti onírin ń tètè já.

Ọmọ tó ti gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ wákàtí kan kó tó tún gbà á. Omi àti oògùn kò ba ààwẹ̀ náà jẹ́, àmọ́ gàárì àárọ̀ kùtù ń bà á jẹ́. Ọmọ tí kò tíì gbà á, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ̀ láti ìjọ tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sí kíláàsì katikísímù. Bí ó bá jẹ́ Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ (Confirmation) ló kàn, ẹ wá onígbọ̀wọ́ láti ìsinsìnyí: Àgùdà tó ti gba Ìfẹsẹ̀múlẹ̀, tó sì ti pé ọdún 16. Bàbá tàbí ìyá ọmọ kò lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ dé.

Ọmọ Mùsùlùmí, ti Áńgílíkà àti ti Bàbtísì pọ̀ ní àwọn ilé-ìwé yìí. Wọ́n sábà máa ń retí pé kí gbogbo ọmọ jókòó sí Mísà. Ẹni tí kì í ṣe Àgùdà kì í gba Kọmúníọ̀n. Á jókòó sáyè rẹ̀, tàbí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, á pọwọ́ mọ́ àyà kí fadá súre fún un. Ẹ sọ èyí fún ọmọ nílé, kó má baà tẹ̀lé ọ̀wọ́ lọ láìmọ̀, kí wọ́n wá bá a wí níwájú èèyàn. Ní ti àwẹ̀ Ràmàdáànì àti oúnjẹ sààrì, pirinsípà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ tó san owó.

Ọjọ́ ìwọlé

Ẹ san owó ilé-ìwé ní báńkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ, kì í ṣe orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Owó tí a fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé lè máà tíì hàn lójú bọ́sà, ẹni tó ń bójú tó owó ilé-ìwé, títí ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọ yín wọ bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ dé kí aago 10 tó lù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bọ́sà, lẹ́yìn náà yàrá aláìsàn, kí ẹ tó gbé ẹrù lọ fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá yí i po, wọ́n á dá yín padà. Irun ọmọ, ẹ gé e ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú kílípà tí a ti fi oògùn nù, torí làpálàpá orí ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi owó àpò rẹ̀ lé métírọ̀n lọ́wọ́, kí ẹ gba ìwé rẹ̀.

Ẹkún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wọ́pọ̀, ẹ má sáré wá. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ẹ jẹ́ kó jẹun tán kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, lẹ́yìn náà ẹ wo èékánná, ẹsẹ̀, etí àti aṣọ rẹ̀. Bí ó bá ti rù gan-an, bí kì í bá sùn lóru, tàbí bí àpá bá wà lára rẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ rí métírọ̀n àti pirinsípà, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé PTA.