Bí a ṣe ń yọ ẹṣẹ́ pituitary ẹja àrọ̀ láti fi mú abo yé ẹyin

Ìyá ẹja àrọ̀ lè gbé ẹyin tó ti gbó sínú nínú pọ́ńdù títí òjò ọdún yóò fi dá, kó má yé ẹyọ kan. Lódò, ìkún omi òjò ló ń ṣí i lọ́wọ́. Nínú pọ́ńdù, ọpọlọ rẹ̀ ń fi kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ dopamine dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pàṣẹ fún ẹyin lọ́wọ́. Inú kóró funfun kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, ìyẹn ẹṣẹ́ pituitary, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà. Oríṣiríṣi ni wọ́n níbẹ̀: àwọn kan ń ṣe họ́mónù ìdàgbàsókè, àwọn mìíràn ń ṣe prolactin tó ń bójú tó iyọ̀ ara ẹja. Àwọn tí à ń wá ni wọ́n ń pè ní gonadotroph. Àwọn ló ń ṣe LH, họ́mónù tó ń mú kí ẹyin gbó parí, kó sì já kúrò lára àpò rẹ̀. Bí a bá fi ẹṣẹ́ ẹja mìíràn gún abo lábẹ́rẹ́, LH wọ ara rẹ̀ tààrà, kò gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ rẹ̀ kọjá.

Ẹja tí ẹ máa pa gbọ́dọ̀ ti dàgbà tó láti bímọ. Ẹja kékeré kò tíì ní LH tó pọ̀ nínú ẹṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin ti ná tirẹ̀ tán. Ìwọ̀n la fi ń bá ìwọ̀n mu: bí abo bá wọn kílò kan, ẹṣẹ́ ẹja kílò kan ni kí ẹ fún un. Akọ ló dára jù láti pa, torí àtọ̀ akọ àrọ̀ kì í ṣe é fún jáde láìpa á. Ẹ yọ àpò àtọ̀ náà, ẹ fi òwú nù ún gbẹ, ẹ gbé e sínú fíríìjì (kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín) di ìgbà tí ẹyin yóò jáde. Bí omi bá kàn án, àtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa fi kú.

Gbàrà tí ẹ bá pa ẹja ni kí ẹ yọ ẹṣẹ́, torí nínú ooru LH máa ń bàjẹ́ kíákíá nínú òkú ẹja. Ẹ gé orí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí àgbọ̀n wà lókè, kí ẹ sì gé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti ìjàgbà kúrò pátápátá. Àjà ẹnu ló ṣẹ́kù tó ń wò yín. Ẹ fi orí ọ̀bẹ gé egungun rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ó má wọlé jìn, kí ẹ sì ká egungun náà sókè bí ẹni ṣí ìdérí. Ẹ̀jẹ̀ yóò bo ibẹ̀. Ẹ fi òwú fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún. Ọpọlọ yóò hàn, kóró kan tó funfun pọ́n díẹ̀, tó tóbi bíi kóró jéró, yóò sì jókòó lé e, torí orí ẹja ti dojú délẹ̀. Òun nìyẹn. Ẹ ti ẹnu ẹ̀mú kékeré sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e. Bí ẹ bá fún un, yóò fọ́, ohun tí ẹ ń wá á sì ṣàn bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá rí i lórí ọpọlọ, ẹ wo abẹ́ egungun tí ẹ ṣí: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ po gíráàmù 9 iyọ̀ sínú lítà omi kan tí a ti sè tó ti tutù. Ẹ lọ ẹṣẹ́ náà kúnná nínú odó kékeré tó mọ́, ẹ fi mílílítà 2 omi iyọ̀ yìí sí i, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, omi òkè nìkan ni kí ẹ fà sínú síríńjì. Ẹ má fi omi lásán ṣe é, ó máa ń ba ẹran ara ibi tí a gún jẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù bo orí abo kó lè fara balẹ̀, kí ẹ gún un sínú ẹran ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ òkè, kí abẹ́rẹ́ dagun. Ẹ rọra tì í. Bí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́, ẹ fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì rọra fi ra á, kí oògùn má tú jáde. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú agbada tó ní ìdérí.

Ooru omi ló ń sọ iye wákàtí tí ẹyin yóò fi gbó lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ní 25°C, bíi wákàtí 11 ni. Ní 27°C, 9. Ní 30°C, 7. Ní 22°C ó lè tó 15 sí 16. Torí náà, tẹmómítà ṣe pàtàkì ju aago lọ. Bí àsìkò bá pé, ẹ rọra tẹ ikùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn: ẹyin tó gbó máa ń ṣàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá le tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tẹ̀lé e, ẹ dá a padà sómi fún wákàtí kan. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹyin tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀ kì í gba àtọ̀ dáadáa mọ́.

Ẹṣẹ́ tó bá ṣẹ́kù ṣe é fi pamọ́. Ẹ gbé e sínú acetone, kẹ́míkà olómi kan tó ń fa omi ara rẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ acetone náà lẹ́yìn wákàtí 8 sí 12, kí ó tún wà nínú tuntun fún wákàtí 24, kí ẹ sá a gbẹ níbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ sì dé e pa sínú ìgò kékeré nínú fíríìjì. Acetone máa ń gbiná. Ẹ gbé e jìnnà sí sítóòfù.