Ẹní àtijọ́ lójú fèrèsé

Ẹ kú ooru o, gbogbo ilé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí o, ṣùgbọ́n iná ò ṣeé gbọ́kàn lé, owó epo jẹnẹrétọ̀ náà kì í ṣe kékeré, ni mo ṣe ní kí n sọ bí ooru ṣe lè dín kù nínú ilé.

Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fọwọ́ kan gíláàsì tiwa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí áyọ́ọ̀nù ló ń jóni. Mo wá so ẹní àtijọ́ kan mọ́ ọn láti ìta. Ìta ni mo wí o! Kọ́tíìnì inú ilé dáa, ṣùgbọ́n ooru á ti wọlé kó tó kàn án. Ní báyìí, gíláàsì náà kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Tí ìta bá ti ń gbóná ju inú lọ láàárọ̀, ẹ ti fèrèsé. Tó bá dalẹ́, ẹ ṣí wọn sílẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ẹ kọjú fáànù síta lójú fèrèsé kan fúngbà díẹ̀, kó lé ooru jáde. Atẹ́gùn tútù á gba fèrèsé kejì wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá àpáta l'Ábẹ́òkúta yìí, ẹ ní sùúrù díẹ̀, òkúta kì í tètè tutù.

Aṣọ tútù tí wọ́n ń ní ká fi kọ́ fèrèsé? Ìgbà ọyẹ́ ló wúlò. Lóṣù kẹta, tí ara ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ṣe ló máa dá kún un.

Ẹ̀wà náà, kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ sè é, kí ooru ìdáná má bàa kún ti ọ̀sán.