Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín to aago Nixie nílé

Tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà tó ń pọ́n bí ẹyinná nínú ìgò kékeré lálẹ́ rí, ẹ máa mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ aago yìí ò fi kúrò lọ́kàn mi. Burroughs ní Amẹ́ríkà ló gbé Nixie tube jáde ní 1955, kí LED tó dé rárá. Gáàsì neon ló wà nínú ìgò yẹn pẹ̀lú wáyà mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ bíi 0 dé 9 tí wọ́n wá tò tẹ̀léra, èyí tí iná bá gbà kọjá nínú wọn ni gáàsì máa tàn yí ká.

Ti Soviet àtijọ́ ló pọ̀ lórí eBay báyìí. Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, tube IN-12 ni kẹ́ ẹ rà, torí ó ń wọ socket, tí ọ̀kan bá kú ẹ kàn máa fà á yọ ni. IN-14 dáa o, ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ sóódà ẹ̀. Ẹ ra mẹ́rin fún wákàtí àti ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sí i fún ìpamọ́. Kó má yà yín lẹ́nu, 5 inú IN-12, 2 tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò ni.

Iná gan-an ni iṣẹ́ wà. Tube yìí ò lè tàn láìsí bíi 170V, tó bá sì ti tàn tán, bíi 140V ló máa ń wà lórí ẹ̀. Adaptor 12V 1A ni mo máa ń lò, màá wá fi MC34063 (chip tó ń darí iná), IRF740 (transistor tó ń tan iná tó sì ń pa á), coil 100µH àti diode UF4004 (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) gbé e dé 180V, ẹ má fi 1N4007 rọ́pò diode yẹn o, kò yára tó, ó máa gbóná. Ẹ tún fi transistor PNP kékeré kan sí ẹnu gate IRF740, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń darí ẹ̀, kó lè máa kú kíákíá, láìsí ìyẹn òun náà á gbóná burúkú. Capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó máa gba iná jáde, 250V ó kéré tán. Resistor 680k àti 4.7k tó ń sọ fún chip yẹn iye tó máa gbé jáde máa fún yín ní bíi 182V.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, 180V lè pààyàn. Tẹ́ ẹ bá yọ adaptor tán, iná ṣì wà nínú capacitor yẹn, ẹ fi resistor 100k tẹ́ ẹ dì lórí igi mú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kẹ́ ẹ fi mítà wò ó, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tí iná bá wà lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọn nǹkan, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kí ìkejì wà lẹ́yìn yín.

Tí mítà bá ti fi 180 hàn dáadáa, ẹ so tube kan péré. Ẹsẹ̀ 1 ni anode, ibi tí 180V ń gbà wọlé, resistor gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: 180 yọ 140 ku 40, ẹ pín in sí 2.5mA, ó jẹ́ 16k, tẹ́ ẹ bá rí 18k náà kò burú. Láìsí resistor yìí tube máa bàjẹ́.

Chip K155ID1 ló ń yan nọ́ńbà tó máa tàn, ọ̀kan fún tube kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni mo ti jó chip méjì, torí mo rò pé iná ẹ̀ máa wà ní igun bíi ti àwọn IC yòókù, àṣé ẹsẹ̀ 5 ni 5V, ẹsẹ̀ 12 ni ground. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gba nọ́ńbà wọlé, A wà ní 3, B ní 6, C ní 7, D ní 4, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin lórí K155ID1 mẹ́rin jẹ́ 16, 74HC595 (chip tó ń sọ wáyà díẹ̀ di púpọ̀) méjì ti tó, wáyà mẹ́ta péré ló máa wá sọ́dọ̀ wọn láti Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí aago yìí. DS3231 ló ń di àkókò mú, ẹ má rà á láìsí bátìrì CR2032 ẹ̀, torí tí NEPA bá mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní fẹ́ máa tún aago tò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ máa kọ sínú kóòdù yín: nọ́ńbà tí kì í tàn rí máa ń di ìdọ̀tí tó bá pẹ́, pàápàá tube àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé 0, 1, 2 nìkan ló ń fi hàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo tube máa sáré láti 0 dé 9 fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lóru. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sùn, ẹ fi 15 ránṣẹ́ sí K155ID1, gbogbo ẹ̀ máa ṣú, tube á tún pẹ́ sí i.

Pákó ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpótí ẹ̀, ẹ dá ihò sẹ́yìn kí ooru lè jáde, ṣùgbọ́n kí ihò yẹn má tóbi tó ìka ọmọdé.