Láti London dé Èkó nínú mọ́tò: bí ẹ ṣe máa tò ó kẹ́ ẹ tó gbéra

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ wa mọ́tò láti London wálé ni pé irú mọ́tò wo làwọn máa rà. Wàhálà ò sí níbẹ̀ rárá. Lọ́dún 2022 Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti London dé Èkó, ọjọ́ 41 ló fi rìn ín. Lọ́dún 2024 Pelumi Nubi gbé Peugeot 107, mọ́tò kékeré báyìí, òun nìkan, ó ní jàǹbá ní Ivory Coast, ó sì tún wọ Èkó. Ohun tó ń dá èèyàn padà lójú ọ̀nà yìí ni ìwé. Mo mọ ẹni tó kó owó lé táńtì orí mọ́tò àti iná gbọọrọ tó lè fọ́ ojú èèyàn, ó dé bọ́dà Mauritania láìní fíṣà, wọ́n ní kó ṣẹ́rí padà.

Ọ̀nà náà rèé. Ẹ sọdá láti Dover sí Calais, ẹ gba Faransé àti Spéìn já sí Algeciras, ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tanger Med ní Mòrókò. Láti ibẹ̀ ẹ máa bá etíkun bọ̀ wá sísàlẹ̀, Agadir, Laayoune, Dakhla, títí dé bọ́dà Guerguerat, kẹ́ ẹ wọ Mauritania, Nouadhibou sí Nouakchott. Ẹ sọdá odò Senegal wọ orílẹ̀-èdè Senegal, ẹ gba Gínì sí Ivory Coast, lẹ́yìn náà Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Sẹ̀mẹ̀. Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí tipẹ́ á sọ fún yín pé ọ̀nà Bamako ní Mali ló yá jù. Ó yá nígbà yẹn, àmọ́ ẹ má gbabẹ̀ báyìí o, lọ́dún 2025 àwọn agbébọn ń dáná sun tánkà epo lójú ọ̀nà tó lọ sí Bamako, ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan ní Kayes tó máa mú òun kọjá, ẹ jẹ́ kó máa dá lọ.

Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ kúrò ní London, torí tẹ́ ẹ bá dé Gínì nígbà òjò, ọ̀nà ibẹ̀ á di ẹrẹ̀, trélà á sì ti rì síwájú yín.

Páàsìpọ́ọ̀tù

Tó bá jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan lẹ ní, tẹ́ ẹ kàn ń gbé ní ìlú ọba, ẹ nílò fíṣà Schengen (òun lẹ máa fi gba Faransé àti Spéìn), fíṣà Mòrókò (ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú UK lè gba ti orí íntánẹ́ẹ̀tì), àti ti Mauritania. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti gbọ́dọ̀ béèrè ti Mauritania kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kò sí pé ẹ dé bọ́dà kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọ Senegal, ECOWAS lẹ wà yẹn, àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí fíṣà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan títí dé ilé.

Àwọn tó ní méjèèjì, ti Nàìjíríà àti ti Britain, ló ń jẹ̀gbádùn, àmọ́ àwọn náà ló máa ń dà á rú jù. Ti Britain ni kẹ́ ẹ fi rìn títí ẹ ó fi jáde ní Mauritania, ti Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ fi wọ Senegal, ẹ má sì tún pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi dé Èkó. Ọ̀gá bọ́dà Senegal máa wá òǹtẹ̀ ìjáde nínú ti Nàìjíríà, kò sì ní rí i. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a, ẹ nà án méjèèjì pa pọ̀, ẹ ti ṣí ojú ewé tí òǹtẹ̀ Mauritania wà, ẹ kí i ní Faransé, ẹ dákẹ́.

Ìwé mọ́tò, ibi tí gbogbo ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí o.

Bí páàsìpọ́ọ̀tù yín ṣe ń gba òǹtẹ̀ ìwọlé àti ìjáde náà ni mọ́tò ṣe gbọ́dọ̀ gbà á. Ọ̀tọ̀ ni àwọn ìmígíréṣọ̀n, ọ̀tọ̀ ni àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù, tí wọ́n ń pè ní douane láwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí páàsìpọ́ọ̀tù, inú awakọ̀ á dùn, á tẹná, ó di bọ́dà tó kàn. Wọ́n á béèrè ìwé mọ́tò tí wọ́n fún un nígbà tó ń wọlé, kò ní in, tàbí ó ní in ṣùgbọ́n kò dá a padà níbi tó ti kúrò. Lójú ìjọba orílẹ̀-èdè tó kúrò níbẹ̀, ó ti ta mọ́tò yẹn síbẹ̀ láìsan owó kọ́sítọ̀ọ̀mù nìyẹn. Ẹ má gbéra ní bọ́dà kankan tẹ́ ò bá tíì rí douane, kódà tí wọ́n bá ń jẹun, ẹ dúró kí wọ́n jẹ tán.

Nọ́ńbà páàsìpọ́ọ̀tù yín máa ń wà lórí ìwé mọ́tò yìí, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má pààrọ̀ páàsìpọ́ọ̀tù káàkiri nìyẹn, torí tí nọ́ńbà ò bá bára mu, ẹni tó wọlé kọ́ ló ń jáde. Ní Mòrókò, orúkọ yín ni wọ́n máa kọ mọ́tò sí ní Tanger, tí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé tẹ́ ẹ fẹ́ wọ bàálù, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ yanjú ẹ̀ pẹ̀lú kọ́sítọ̀ọ̀mù.

Wọ́n á tún máa sọ fún yín nípa carnet, ìwé oníwèé púpọ̀ tó jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù mọ́tò. Ẹ máa fi owó ìdúró tó nípọn lélẹ̀ kí wọ́n tó fún yín, wọ́n á máa ya ewé rẹ̀ ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, apá kan tẹ́ ẹ bá wọlé, apá kan tẹ́ ẹ bá ń jáde. Mòrókò àti Mauritania ò béèrè ẹ̀. Senegal ni kẹ́ ẹ ro tiẹ̀, torí wọn kì í fẹ́ mọ́tò tó ti lé lọ́dún 8 níbẹ̀, tí mọ́tò yín bá ti gbó, ẹ gba carnet ẹ jẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀. Tẹ́ ò bá gbà á, passavant, ìwé ìwọlé mọ́tò fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n máa kọ fún yín, ọjọ́ tí wọ́n á kọ síbẹ̀ lè má tó nǹkan, ẹ ka ọjọ́ yẹn níwájú ẹni tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lórí àga. Ẹni tó bá ní carnet tí wọn ò lu òǹtẹ̀ ìjáde sí ewé kan, owó ìdúró yẹn ni wọ́n máa wá bá.

V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò ti UK, tòótọ́ ni kẹ́ ẹ gbé, kì í ṣe fótókọ́pì, orúkọ yín gan-an ni kó wà lórí ẹ̀. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín, mọ́tò tẹ́ ẹ ṣì ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní London.

Inṣọ́ránsì: ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì UK tó pọ̀ ò bo Mòrókò, ẹ lè ra tiwọn létí omi. Mauritania, ẹ rà á ní bọ́dà. Ní Senegal ni kẹ́ ẹ ti ra Carte Brune, inṣọ́ránsì ECOWAS tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ẹ rà á kó tó yín dé Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sórí ẹ̀, èyí tí wọ́n bá fi bírò fagi lé, kò bò ó. Mauritania ti kúrò ní ECOWAS láti ọdún 2000, ẹ má rò pé ó wà níbẹ̀.

Fótókọ́pì

Ní Mauritania ọlọ́pàá máa dá yín dúró ṣáá. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá o, ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní fiche ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Faransé láti ilé: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà páàsìpọ́ọ̀tù, nọ́ńbà fíṣà, iṣẹ́, nọ́ńbà mọ́tò, ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tó 50. Níbi iṣẹ́, ẹ kọ ohun tó rọrùn, ẹ má kọ influencer, ẹ ò fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn nínú oòrùn. Ẹ na ìwé, wọ́n á gbà á, ẹ máa lọ. Ẹni tí ò ní in á sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó kí wọ́n máa fọwọ́ kọ ọ́.

Káàdì yẹ́lò náà ń kọ́, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbà á láyé yín.

Guerguerat àti odò Senegal

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Dakhla, ẹ kún tánkì, ẹ tún bu epo sí kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì irin tí wọ́n ń tà lówó gọbọi dáa, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ike tó nípọn tí ìdérí ẹ̀ ò jò tó. Ẹ má gbé drone wọ Mòrókò, wọ́n á gbà á. Ẹ má gbé ọtí wọ Mauritania. Àárín bọ́dà méjèèjì ní Guerguerat, bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó bá jẹ́ ìtọ̀ ló ń gbọ̀n yín, ẹ dúró síbi tí táyà ti tẹ̀.

Ẹ má gba Rosso sọdá odò. Àwọn ọmọ ìta tó ń fi ìrànlọ́wọ́ gbowó níbẹ̀, ẹ̀rù Ọ́jọ́ọ̀ta ò ní bà yín mọ́ tẹ́ ẹ bá rí wọn. Ẹ yà sí Diama, orí ìdídò lẹ máa gbà kọjá, ó dákẹ́, erùpẹ̀ ló kàn wà lójú ọ̀nà, tí òjò bá sì ti rọ̀ ẹ ò ní lè gbà á (ìdí mìíràn fún oṣù kọkànlá nìyẹn).

Owó: wọ́n yí owó Mauritania lọ́dún 2018, 10 àtijọ́ di 1 tuntun, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń pe iye àtijọ́. Ẹ béèrè ewo ni kẹ́ ẹ tó sanwó. CFA ò le, euro 1 jẹ́ 655.957, kì í yí padà, òun lẹ máa ná ní Senegal, Ivory Coast, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀.

Mọ́tò wo wá ni? Toyota, torí mẹkáníìkì gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, èyí tí síárìn ẹ̀ wà lápá òsì, tẹ́ ẹ bá rí rà. Síárìn apá ọ̀tún ti UK, ẹ ò ní rí iwájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá trélà. Táyà àpààrọ̀ méjì, kì í ṣe táńtì. Kápẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó tẹ́ ẹ gé sí méjì ń ṣiṣẹ́ àwọn páálí ike tí wọ́n ń tà láti fi sábẹ́ táyà tó bá rì sínú iyanrìn. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́, ràkúnmí ò ní iná ẹ̀yìn, trélà tó bàjẹ́ sójú títì náà ò ní.

Sẹ̀mẹ̀ ló kù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti bọ́dà orí ilẹ̀, ẹni tó bá ń ronú pé òun á ta á bíi tòkúnbọ̀ tóun bá dé, kó gbé e kúrò lọ́kàn. Àlejò ni mọ́tò yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ padà jáde. Ẹ dé bọ́dà láàárọ̀, ẹ gba ìwé ìwọlé fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù, ẹ ka ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ ṣe fótókọ́pì ẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fótókọ́pì yẹn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, torí láti Sẹ̀mẹ̀ dé Àgbádárìgì nìkan, wọ́n á béèrè ẹ̀ títí yóò fi sú yín, ojúlówó ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì.