Ẹ Yé Sanwó Ìforúkọsílẹ̀ Ìdìbò

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò, ọ̀fẹ́ náà ni káàdì ìdìbò alálòpẹ́ (PVC). Síbẹ̀, ní Adó-Èkìtì níbí, mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kówó lé ẹni tí kò bá INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣe nǹkan kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Owó dátà àti owó bébà nìkan ló yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ yín.

Èkíní, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Ibí ló ń dùn mí jù. Tí ẹ bá kọ orúkọ yín sí cvr.inecnigeria.org tán, bébà ni yóò jáde. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín rin dé ibùdó ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka, kí wọ́n sì ya yín ní fọ́tò. Àìṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ yín kò sí nínú ìwé olùdìbò. Lẹ́yìn tí ìforúkọsílẹ̀ parí ní 31 Oṣù Keje 2022, aránṣọ kan wá bá mi pé káàdì òun ti pẹ́ jù. Ó fa bébà yẹn yọ nínú báàgì. Ó ti fi ike bò ó kí omi má baà bà á jẹ́. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní kó lọ máa retí káàdì nílé. Kò sẹ́ni tó gba ìtẹ̀ka rẹ̀ rí. Ìka tàbí ojú ẹni ni BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní ibùdó ìdìbò, fi ń dá olùdìbò mọ̀, nítorí náà ìdìbò 2023 kọjá lójú rẹ̀. Inú ń bí mi dòní.

Èkejì, tí káàdì bá sọnù, ẹ má lọ forúkọ sílẹ̀ tuntun. Ẹ béèrè fún òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi ìka wé ìka, wọ́n á sì fagi lé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni pẹ̀lú.

Káàdì kì í kú. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó kó lè sọ ọ́ dọ̀tun, òpùrọ́ ni.

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ gba káàdì yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé ìwé. Ní 2023, ìjọba ti àwọn yunifásítì nítorí ìdìbò, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nílé, ibùdó ìdìbò wọn wà lọ́nà jíjìn. Tẹ́ ẹ bá ti kó kúrò níbi tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀, ẹ tètè béèrè pé kí wọ́n gbé orúkọ yín lọ síbi tẹ́ ẹ ń gbé báyìí. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022, ó kéré tán, 90 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò ni wọ́n ní kéèyàn ti ṣe é.

Ẹ yẹ ibùdó yín wò pẹ̀lú. Ní 2021, INEC fi 56,872 ibùdó kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé àwọn kan kúrò níbi tí wọ́n ti ń dìbò. Ẹ wo nọ́ńbà ibùdó lára káàdì: 13 ni ti Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ibùdó.

INEC ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ wọlé lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn.