Ayékòótọ́ tí kò fẹ́ wájẹ: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ìkòròdú ni mo ń gbé, igi ni mo ń gbẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ohun ìṣeré ìwájẹ fáwọn tó ń sin ayékòótọ́: igi, páálí, ọparun àti èèpo àgbọn tí a ń fi oúnjẹ pamọ́ sí kí ẹyẹ lè fi ẹnu àti ẹsẹ̀ wá a jáde. Odídẹrẹ́ inú igbó máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí wá ohun tí yóò jẹ lóòjọ́. Tinú kéèjì, abọ́ la gbé síwájú rẹ̀. Kí ẹ tó wẹ̀ tán, ó ti jẹ tán, kò sì mọ ohun tí yóò fi ìyókù ọjọ́ ṣe. Ibẹ̀ ni ariwo, ìbínú àti ìyẹ́ jíjá ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Sábó dé Ìgbógbó, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo yín ń rò fún mi lórí fóònù, àwọn míì a tiẹ̀ pè mí nígbà tí mo wà nínú ìsìn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ kà á kí ẹ tó pè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kò tiẹ̀ wò ó. Mo ti so ó mọ́ kéèjì láti àná, ńṣe ló kẹ̀yìn sí i.

Ìdáhùn: Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Ó kún, àbí? Ẹ gbé e kúrò láàárọ̀, ẹ fi ohun tó fẹ́ràn jù sínú ohun ìṣeré, kí ẹ dá abọ́ padà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Mi ò ní kí ẹ febi pa á o. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Odídẹrẹ́ tó ti dàgbà sábà máa ń wọ̀n tó 400 sí 500 gíráàmù. Tó bá ti ń rù, ẹ dá oúnjẹ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á. Bí mo bá ti gbé e wọlé báyìí, igbe ni.

Ìdáhùn: Odídẹrẹ́ lẹ ń sìn, ẹ ò sin adìẹ. Ohun tuntun kì í tètè bá a lára mu. Ẹ gbé nǹkan náà sórí àga níbi tí yóò ti máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣeré níbẹ̀, ẹ máa yọ ẹ̀pà jáde nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa jẹ ẹ́ lójú rẹ̀ bí ẹni pé ẹ ò ní fún un. Ojúkòkòrò á ṣe ìyókù. Ẹ máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá na ọrùn sí i ni kí ẹ so ó mọ́ kéèjì látita. Ẹ má so ó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn láé.

Ìbéèrè: Kò lè ṣí i.

Ìdáhùn: Ẹ mú kó rọrùn. Ìwé lásán tí ẹ̀pà yọ orí níbẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìṣẹ́jú kan péré ló fi tú u. Owó mi ti wọgbó.

Ìdáhùn: Ẹyẹ yín mọ iṣẹ́, ẹ fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Kò gba owó. Ẹ fi ewé tàbí háhá àgbàdo wé ẹ̀pà náà bí wọ́n ṣe ń pọ́n ẹ̀kọ, ẹ fi páálí bò ó, ẹ wá há a sínú ihò ọparun. Ó di ohun mẹ́ta tí yóò já kó tó dé ìdí rẹ̀. Ti àgbọn tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Àgbádárìgì tó ń sin ẹyẹ kò ní ìdí kankan láti ra ike. Ẹ la àgbọn sí méjì, ẹ yọ inú rẹ̀ kúrò, ẹ sá èèpo rẹ̀ sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Ẹ lu ihò tí ẹ̀pà kan lè gbà bọ́ pẹ̀lú wàhálà, kí ẹ so méjèèjì pọ̀ padà. Èèpo tó bá ṣì tutù nínú máa ń bu, èyí tó bá sì bu lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ jẹ́. Ẹ̀pà tó bu náà, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹyẹ sáà ni yóò jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni ká máa fi sínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹyìn, tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ láti inú igbó. Àgbàdo, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, ata. Ata kì í ta ẹyẹ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀pà níwọ̀nba, ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀. Píà rárá, ó ń pa wọ́n. Ṣokoléètì, kọfí, ọtí àti oníyọ̀ rárá. Ẹ̀yin bàbá tó ń fún odídẹrẹ́ lóbì kó lè mọ ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì. Ẹ jẹ obì yín.

Ìbéèrè: Wáyà àti okùn wo ni ká fi so ó?

Ìdáhùn: Irin tí kì í dípẹtà. Wáyà dídán olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń ṣe àgò adìẹ, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Ẹyẹ á máa họ ọ́ jẹ, síńkì á sì di májèlé nínú rẹ̀. Òjé náà, májèlé ni. Okùn tó ti ń tú fọ́nrán, ẹ gé e sọnù. Mo ti rí èyí tó wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹyẹ títí ìka fi dúdú. Pákó tí wọ́n fi oògùn ikán pa kò wọ ilé ẹyẹ.

Ìbéèrè: Ó ń bá a ṣeré dáadáa tẹ́lẹ̀. Lójijì, kò fẹnu kàn án mọ́. Ó ń gbọn ẹsẹ̀, ó ń pariwo.

Ìdáhùn: Èyí ni mo jókòó kọ gbogbo eléyìí fún.

Màmá kan wà ní Ẹ̀bùtè, lẹ́bàá ọ̀sà, tó ń sin odídẹrẹ́ kan tó gbọ́n jọjọ. Ti àgbọn ni mo ṣe fún un. Ẹyẹ náà á fi ẹsẹ̀ òsì di wáyà mú, á yí àgbọn náà títí ihò fi kọjú sí i, á wá fi ahọ́n fa ẹyìn jáde. Nígbà tó yá, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Màmá ní wọ́n ti bá òun tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo gbé àgbọn mìíràn wá, ó ṣeré fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún kọ̀ ọ́. A gbé kéèjì lọ sí yàrá kejì, ọjọ́ díẹ̀ náà ni. Mo sọ ohun ìṣeré kalẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n sórí ìwé funfun, mi ò rí nǹkan kan. Ẹyẹ náà á rìn dé ibẹ̀, á di wáyà mú, á jù ú sílẹ̀, á máa nu ẹnu mọ́ igi tó bà lé, á wá figbe ta.

Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé àgbọn ni kò fẹ́, kò ní gba tuntun rárá. Nǹkan kan ló ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ọ̀nà débẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Mo tan fóònù mi sókè kí n lè rí bàtà mi. Láti ara àjà, lórí ìṣó tí a fi gbé kéèjì kọ́, tanpẹ́pẹ́ tò wá sílẹ̀ lórí wáyà, wọ́n ń wọ ihò àgbọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òróró ẹyìn ló pè wọ́n. Ní ọ̀sán, inú irun ara àgbọn ni wọ́n ń há sí, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi já bọ́ nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n. Mo là á mọ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì tú jáde. Ìyẹn ni ẹyẹ náà ń fi ahọ́n bọ̀ láràárọ̀, awọ ojú rẹ̀ tí kò níyẹ̀ẹ́ sì wà nítòsí.

Màmá ti gbé oògùn tí wọ́n ń fín sí aáyán dání. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èémí ẹyẹ kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì. Omi ni mo lò. Mo lu ìdí ife kékeré kan, mo fi wáyà kéèjì gba inú rẹ̀, mo dí ihò náà pa, mo bu omi kún un. Èèrà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti lúwẹ̀ẹ́. Ife náà wà lókè níbi tí ẹnu ẹyẹ kò lè dé. Kéèjì tó bá ń dúró lórí ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú abọ́ omi. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà kí ẹ̀fọn má baà yé sí i, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ẹ tún wo kọ́tìnì. Bó bá fara kan kéèjì, gbogbo omi yẹn já sásán, orí kọ́tìnì ni wọn á gbà. Ẹyìn, àárọ̀ nìkan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ yọ ohun ìṣeré, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a.

Èèrà lọ, odídẹrẹ́ náà ṣì kọ̀. Kò gbàgbé. A tún padà sídìí ìwé àti ẹ̀pà, a tún gbé àgbọn sórí àga lọ́ọ̀ọ́kán gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lókè, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tún fẹsẹ̀ di wáyà yẹn mú. Ẹja tí Màmá fún mi lọ́jọ́ náà ju owó iṣẹ́ mi lọ.

Torí náà, tí ẹyẹ yín bá kọ ohun tó ti ń fi ṣeré, ẹ tan iná wo òkè kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra ìkejì kí wọ́n jọ máa ṣeré?

Ìdáhùn: Lọ́wọ́ ta ni? Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ka òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, torí wọ́n ti ń tán lọ. Gbogbo wa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, oko ìwájẹ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fi àtè mú wọn wá fún yín. Ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ìyẹ́ àyà rẹ̀ ló ń já. Ohun ìṣeré wo ló lè wò ó?

Ìdáhùn: Ẹ lọ rí dókítà ẹranko lákọ̀ọ́kọ́. Lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì California ní Davis, tó jáde lọ́dún 2003, fi hàn pé ìwájẹ máa ń dín ìyẹ́ jíjá kù lára àwọn ọmọ ayékòótọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tí ara wọn le ni ìyẹn. Ẹ̀dọ̀ lè máa dun tiyín, ó lè jẹ́ síńkì, ó lè jẹ́ awọ ara, tàbí kí oúnjẹ má ṣe é lóore. Mi ò lè fi ojú káfíńtà rí i, ẹni tó ń ta oògùn adìẹ lọ́jà kò sì lè rí i. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ tẹ́ ìwé funfun sí ìsàlẹ̀ kéèjì lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ lè mú ìgbẹ́ rẹ̀ dání. Ẹ kó ohun ìṣeré rẹ̀ dání pẹ̀lú, títí kan wáyà rẹ̀ àti èyí tó ti jẹ kù, kí dókítà lè mọ ohun tó ti gbé mì.