Orí ìwé ni ọkọ̀ kékeré ti ń kú: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú bí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ṣe ń ra ọkọ̀ kéékèèké àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn

Ìsọ̀ mi wà létí omi ní Ẹbútẹ́-Mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ èrò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ní ọkọ̀ náà máa ń wá nígbà tí ọ̀nà bá dí mọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe iṣẹ́ fítà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Apapa títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láàárín èmi àti òun, a ti rí ọkọ̀ tuntun tó ń dán gbinrin tó di ilé aláǹgbá kí ọdún méjì tó pé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n máa ń sọ ni pé: "Àbúrò, ọkọ̀ yìí ò kú sójú omi o. Orí ìwé ló kú sí, kí wọ́n tó sanwó ẹ̀ rárá."

Mo ti wá gbà pé òótọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ẹ̀ka ìpèsè, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé tẹ́ńdà (ìwé tí wọ́n fi ń pe agbaṣẹ́ṣe wá dá owó lé iṣẹ́), àti ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe tí ẹ fẹ́ kí orúkọ yín dára, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ra ọkọ̀, wọn ò wo omi

Èyí ló ń pa ọkọ̀ jù, màá sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ pé: ọkọ̀ ìṣọ́, mítà mẹ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì méjì, kó lè sáré. Omi wo ló fẹ́ kó sáré lórí rẹ̀? Ní Èkó nìkan, omi wa kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Tarkwa Bay tó bọ́ sí gbangba òkun, ìgbì á máa gbé e sókè, á sì máa là á mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ ló lè la irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹ gbé ọkọ̀ yẹn kan náà gba ojú omi tóóró tó lọ sí Badagry nígbà tí omi bá fà, inú ẹrẹ̀ ló máa jókòó sí. Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dára nínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e jáde sí òkun, ẹ̀yìn àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á máa ro wọ́n títí wọ́n á fi dàgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ohun tó ń léfòó. Ewé omi tí wọ́n ń pè ní hyacinth, ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ wa, ní ojú omi Badagry, láti ìgbà náà kò sì lọ mọ́. Ẹ fi nylon, ike omi àti àwọ̀n tó já kún un. Irú ẹ́ńjìnnì kan wà tó ń fa omi wọlé lábẹ́ ọkọ̀, tó sì ń tú u jáde ní ẹ̀yìn, waterjet ni wọ́n ń pè é. Ó wúlò gan-an níbi tí omi kò ti jìn, nítorí pé pùròpẹ́là kankan kò yọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń léfòó ló máa fẹ́ fà mu. Mo ti bá àwọn ọmọ ológun kan yọ ìdì ewé tó tó orí àgbà kúrò nínú ọ̀nà omi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dá dúró sórí omi fún wákàtí mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà kò parọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ni.

Iyọ̀ náà tún ń bẹ níbẹ̀. Omi ọ̀sà wa máa ń yí padà pẹ̀lú ojú ọjọ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á wọlé jìnnà, nígbà òjò, omi odò á tì í padà, apá ibi tó jìnnà sí òkun á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ló ní irin kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ọn kí omi lè jẹ irin yẹn dípò ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi zinc ṣe ló bá omi òkun mu. Bó bá pẹ́ nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, èépá á bò ó lára, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, omi á sì yíjú sí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n fi aluminium ṣe ló yẹ omi àdàlù bíi tiwa. Owó irin yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Mi ò tíì rí ìwé tẹ́ńdà kan tó dárúkọ rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì oríṣi mẹ́rin

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan pè mí wá wo ọkọ̀ mẹ́fà tó dákẹ́. Ìyá kan tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Pààtì kún orí pákó dé àjà, ọ̀pọ̀ ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Kí ló wá dé tí ọkọ̀ ò lọ?"

"Bàbá Ìbejì, pààtì ọkọ̀ wo lẹ rí níbí? Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ti àwọn tó ti kú ni. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò rà á wá."

Ọkọ̀ mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì oríṣi mẹ́rin, nítorí pé ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rà wọ́n, agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan sì mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn wá. Fílítà ti èyí kò wọ tọ̀hún. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí ọ̀kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú èkejì. Owó tó yẹ kó ra ìmpẹ́là (àbẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré tó ń fa omi wọlé láti mú ẹ́ńjìnnì tutù) ogún fún ẹ́ńjìnnì kan ló ń ra márùn-ún márùn-ún fún mẹ́rin, ọ̀kankan kò sì ní tó. Bí ẹ bá lọ sí Ẹbútẹ́ Èrò, ẹ wo ìdí àwọn ọkọ̀ èrò ibẹ̀, ẹ máa rí i pé Yamaha ló pọ̀ jù. Àwọn awakọ̀ yẹn kò kàwé nípa ríra ọjà ìjọba, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí pààtì rẹ̀ wà nítòsí, tí mẹkáníìkì mẹ́wàá mọ̀ ọ́n tú lójú oorun, ló ń mú oúnjẹ wálé.

Kí ìwé àdéhùn sọ pé pààtì ọdún méjì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ wá. Kó dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, kó sọ iye, kí ẹni tó máa gba ọkọ̀ sì kà wọ́n lójú ara rẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ àwọn mẹkáníìkì wà nínú owó náà. Èyí ni mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Naval Dockyard ní Victoria Island. Wọ́n kan ọkọ̀ ogun NNS Andoni níbẹ̀ (NNS ni pé ọkọ̀ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ni), mítà 31, ó wọṣẹ́ ní 2012. NNS Karaduwa tẹ̀ lé e ní 2016, NNS Oji ní 2021. Àwọn yẹn tóbi ju ọkọ̀ tí mò ń sọ lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹni tó mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà kọjá wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú ọkọ̀.

Epo tí kò sí nínú ìṣirò

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ní agbára ẹṣin 200 (horsepower) máa ń mu bíi lítà 75 ní wákàtí kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Bó bá jẹ́ méjì, lítà 150. Kí ọkọ̀ sá eré kíkún fún wákàtí méjì pere, lítà 300 ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí lítà kan jẹ́ bíi ₦185 ní Èkó, ₦55,500 nìyẹn. Kí oṣù yẹn tó parí, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan di ₦488 ní àwọn iléepo NNPC ní Èkó, eré wákàtí méjì kan náà sì di ₦146,400. Ẹni tó ti ṣe ìṣirò ọdún rẹ̀ láì fi ààyè sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ lè wà láàyè kí ara rẹ̀ sì le, kò ní rìn. Ọkọ̀ tí kò rìn sì ń bàjẹ́: bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú táǹkì á dì bí oje igi, á dí ojú ihò kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ pé bẹntiróòlù ni tàbí dísẹ́ẹ̀lì tún jinlẹ̀ ju owó lọ. Ọkọ̀ tó ń ti etí omi jáde tó sì ń padà, ó lè lo bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ̀ ogun ńlá máa gbé sínú ara rẹ̀ lọ sójú òkun, ẹ jẹ́ kí ojú yín là dáadáa. Èéfín bẹntiróòlù lè gbiná kódà níbi tí yìnyín ti ń bọ́, títọ́jú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó kún fún èèyàn àti ọta ìbọn léwu gidigidi. Epo JP-5 tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò fún bàálù orí ọkọ̀, ohun tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé èéfín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lè gbiná kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 60 lórí Celsius. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn ọkọ̀ ogun ńlá ń gbé fi jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ wúwo, tó sì wọ́n.

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́jọ́ tí omi tòrò

Ẹni tó kan ọkọ̀ á mú un jáde ní àárọ̀, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, epo ò ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ. Ọkọ̀ á fò bí ẹyẹ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ tí ọmọ ogun mẹ́jọ pẹ̀lú ìbọn, ọta, omi mímu àti táǹkì kíkún bá wọ inú rẹ̀, imú rẹ̀ kò ní gbé sókè mọ́. Ẹ kó èèyàn kún un kí ẹ tó gbà á, tàbí àpò iyanrìn tó wúwo tó wọn. Ẹ gbé e jáde kọjá ẹnu omi, ẹ yí i sọ́tùn-ún àti sósì lójú ìgbì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kan kí ẹ wò ó bóyá èkejì lè gbé e wálé. Kí ẹni tó máa wà á lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, kó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá.

Nípa òfin, ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ní. Òfin ríra ọjà ìjọba ti ọdún 2007 yọ àwọn ohun pàtàkì tó jẹ mọ́ ààbò ilẹ̀ sílẹ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i pé kí òfin náà kàn wọ́n. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rò pé kò sídìí láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọkọ̀ rọ́bà kì í ṣe àṣírí. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta dá owó lé e.

Wọn ò kọ wákàtí sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ń fẹ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ tí ẹ ò bá kọ ọ́? Mo bi awakọ̀ kan, ó ní "Bàbá, a ti lò ó díẹ̀." Mo tú ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti di funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́ látijọ́.

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ohun kan ṣoṣo tí màá sọ fún ọmọ ogun tó kéré jù nínú ọgbà, ohun tí màá sọ nìyẹn. Ẹ fi ìbòrí bo ọkọ̀ tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, nítorí oòrùn wa máa ń tú ojú lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi PVC ṣe.

Ẹ má sì yọ pààtì ara ọkọ̀ kan gbé èkejì láì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí: iṣẹ́ pàjáwìrì dé, ọ̀gá ń pariwo, pààtì ò sí. Ẹ yọ ọ̀kan lónìí, ẹ yọ òmíràn lọ́la, ọkọ̀ kan di egungun, ẹ ò sì mọ ohun tó wà lára èyí tó ń lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2016, ọkọ̀ kékeré méjì ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbéra láti Kuwait lọ sí Bahrain, ọmọ ogun 10 ló wà nínú wọn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéra, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan sì dákẹ́ nítòsí Farsi, erékùṣù Iran. Àwọn ọmọ ogun Iran mú gbogbo wọn, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Ìwádìí tí Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe fi hàn pé ìpalẹ̀mọ́ kò dára, àwọn ọ̀gá kò sì bójú tó o. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Òkú ọkọ̀ tó ń gbé inú ìwé

Èyí ló ń dun ẹ̀gbọ́n mi jù. Ọkọ̀ ti kú, koríko ti hù nínú rẹ̀, ó ṣì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí i pé ó kú nígbà tòun. Ọkọ̀ mẹ́wàá lórí ìwé, mẹ́ta lójú omi. Nígbà tí ọ̀gá ní Àbújá bá ka mẹ́wàá, mẹ́wàá ló máa pín iṣẹ́ fún, àwọn ọmọ tó wà nínú mẹ́ta náà ló máa rù ú. Ọgbà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, èyí tó sọ gígùn rẹ̀, irú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á, ìwé wákàtí rẹ̀ á sì máa bá nọ́ńbà yẹn rìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dájọ́ pé ó ti parí, wọ́n á yọ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fa igi lórí nọ́ńbà náà. Ojú ibẹ̀ á ṣófo nínú ìwé. Òfìfo yẹn ni wọ́n máa mú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó, pé: ọkọ̀ kan ò sí níbí mọ́, omi báyìí ló ń lò, wákàtí báyìí ló lò kó tó kú, ohun tó pa á nìyí.